Láàrin Àwòrán àti Awòran: Àyẹ̀wò Fọ́tò Ẹ̀yìn Omíyalé

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè Yorùbá tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì máa ń ṣì wọ́n kọ nínú ìdánwò. Ọ̀kan ni àwòrán, èkejì ni awòran. Àwòrán ni ohun tí a ń wò. Awòran ni ẹni tí ó dúró tí ó ń wòran. Nígbà tí a bá ń máàkì ìwé, a ó fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, a ó yọ ààbọ̀ máàkì, a ó sì kọjá lọ. Ohun tí ó dá wa padà sórí ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe àṣìkọ ohùn. Fọ́tò kan ni, àwa gan-an ni a sì fi í sínú ìwé ìdánwò.

Ní ọdún 2012, a ṣètò ìbéèrè fún ìdánwò àṣedánrawò àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Omíyalé tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011 ṣì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn nígbà náà. A gé fọ́tò kan láti inú ìwé ìròyìn: afárá tí omi ti já, àwọn ènìyàn tí wọ́n tò sí bèbè odò, àti nǹkan kan lẹ́bàá omi tí wọ́n fi ẹní bò, tí ẹsẹ̀ méjì yọ síta lábẹ́ ẹní náà. A kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ‘Ṣe àpèjúwe ohun tí o rí nínú àwòrán yìí.’ Inú wa dùn pé ìbéèrè náà bá ìgbà mu. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà dáhùn rẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ọmọbìnrin kan láti Òjòwò kọ nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà ìbéèrè, ó sì kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: ‘Ẹ jọ̀wọ́, n kò lè kọ ọ́, n kò mọ orúkọ wọn.’ A fún un ní òdo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a tó gbọ́ pé Ìbàdàn ni ọmọ náà ń gbé tẹ́lẹ̀, pé lẹ́yìn omíyalé yẹn ni wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Òjòwò, àti pé ẹnì kan nínú ilé wọn bá omi lọ.

A kò kọ èyí láti gbèjà ara wa. Akọ́mọlédè ni wá, a sì mọ bí a ṣe ń bi ewì léèrè ọ̀rọ̀: ta ni ó ń sọ̀rọ̀, ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó fi pamọ́, kí ni ó sì gbé síwájú? Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò bá dé ọwọ́ wa, a máa ń ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó sọ ọ́, bí ẹni pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ara rẹ̀ sórí bébà. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi ojú lámèyítọ́ wo fọ́tò tí a yà lẹ́yìn àjálù, pàápàá jù lọ àjálù omi tí ó mọ́ wa lára, kí a sì wò ó bóyá òṣùwọ̀n tí àwọn Yorùbá fi ń wọn àwòrán lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èyí tí ó yẹ ọmọlúàbí yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí Babatunde Lawal gbé jáde ní ọdún 2001 nínú ìwé àtìgbàdégbà Art Bulletin, ó túmọ̀ àwòrán sí ohun tí a ń wò láti fi rántí: à-, wò, rán. Ìtúmọ̀ yìí wuyì, ó sì bá ìlò mu, ṣùgbọ́n ara wa kò gbà á tán. Rán nìkan kò túmọ̀ sí kí nǹkan padà wá sọ́kàn ẹni. Ìgbà tí ó bá bá etí rìn ni ó tó ní ìtúmọ̀ bẹ́ẹ̀: a rán ènìyàn létí, òun náà sì rántí. Bí a bá gé etí kúrò, iṣẹ́ ni a ń rán, tàbí aṣọ. Ti awòran ni kò ní wàhálà: a-, wò, ìran. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-ọ̀rọ̀ yóò máa bá àríyànjiyàn yẹn lọ. Èyí tí a gbà lọ́wọ́ Lawal láìjanpata ni pé nínú ilé Yorùbá, àwòrán kì í ṣe ohun tí ojú kàn kọjá lórí rẹ̀. Ó di ipò ẹnì kan mú.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì kí ó lọ ka ohun tí Stephen Sprague rí ní Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó sì kọ jáde nínú African Arts ní ọdún 1978. Ayàwòrán ni Sprague fúnra rẹ̀, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń wò. Ó ṣàkíyèsí pé bí àgbà Yorùbá bá fẹ́ ya fọ́tò, yóò jókòó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, yóò tẹ́ aṣọ rẹ̀ kí ó gbòòrò, yóò gbé ọwọ́ lé orókùn, ayàwòrán yóò sì rí i dájú pé gbogbo ara rẹ̀ ni ó wọlé, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó tún rí ohun kan tí ó ya àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́nu. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, onífọ́tò yóò ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì so ẹ̀dà méjèèjì pọ̀ kí ó lè dà bíi pé àwọn ọmọ méjèèjì jọ jókòó. Àwọn ìyá kan ń lo fọ́tò yìí dípò ère ìbejì. Òyìnbó tí ó gbà pé fọ́tò kì í purọ́ yóò sọ pé irọ́ ni èyí. Ìyá ìbejì mọ̀ pé kì í ṣe irọ́: ọmọ òun jẹ́ méjì, fọ́tò náà sì sọ pé méjì ni.

Àwọn òṣùwọ̀n tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé ti wà kí kámẹ́rà tó dé. Robert Farris Thompson gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n mọ ère yẹ̀ wò, iṣẹ́ rẹ̀ lórí èyí sì jáde ní ọdún 1973. Wọ́n sọ fún un nípa jíjọra, pé kí ère jọ ènìyàn ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Wọ́n sọ nípa ìfarahàn, pé kí ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan hàn kedere. Wọ́n mẹ́nu ba dídán, gígún, ọ̀dọ́, àti ìtutù, èyí tí ó jẹ́ pé ojú gbọ́dọ̀ tutù bí ara tilẹ̀ ń gbóná. Ẹ wo fọ́tò òbí yín tí ó wà lára ògiri, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Lónìí tí fóònù ti sọ tọmọdé tàgbà di ayàwòrán, a ti ń rí oríṣiríṣi ìdúró, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń yọ ahọ́n. Síbẹ̀ bí ó bá di ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí ìwúyè, àga ni a ń gbé fún àgbà.

Àjálù kì í gbé àga fún ẹnikẹ́ni. Ẹrẹ̀ ti bo ojú, nítorí náà jíjọra ti lọ. Ara ti tẹ̀, ẹsẹ̀ ti wọ́, kò sí gígún mọ́. Ìtutù di igbe. Ẹni tí a ya fọ́tò rẹ̀ kò múra, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. A jẹ́ pé gbogbo ohun tí Yorùbá kà sí ẹwà àti iyì nínú àwòrán ni fọ́tò ẹ̀yìn àjálù kò ní, àfi ìfarahàn nìkan. Ohun gbogbo hàn, àní títí kan èyí tí kò yẹ kí ó hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró sí ibẹ̀ yẹn, a ó kàn sọ pé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ burú ni, ká sì palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀.

Ìdí ni pé ìlú tí kò bá ní àwòrán ohun tí ó ṣe é yóò tètè gbàgbé, ìgbàgbé sì tún ń pa ènìyàn. Odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn lọ́pọ̀ ìgbà láàrin ọdún 1951 sí ọdún 1978, ẹ̀mí sì bá ti ọdún 1978 lọ. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, ó tún kún ju ti ìgbàkígbà rí lọ, iye ènìyàn tí wọ́n ròyìn pé ó kú sì lé ní igba. Èyí ni àwọn ará Ìbàdàn sọ ní Omíyalé. Kí akọ́mọlédè má ṣe kọjá lára ọ̀rọ̀ yìí. Odidi gbólóhùn ni: omi ya ilé, pẹ̀lú ohùn òkè olùwà lórí omi, tí a wá fún pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ni yà, bí ìgbà tí àlejò bá yà sílé ẹni. Omi ń lọ lọ́nà tirẹ̀, ó wá yà. Ṣé omi ni ó yà sí ilé ni, àbí ilé ni wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi? Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí Ògùnpa kò dá òjò nìkan lẹ́bi. Wọ́n tọ́ka sí pàǹtírí tí a ń dà sínú odò, sí ilé tí a kọ́ mọ́ bèbè rẹ̀, àti sí afárá tí ẹnu rẹ̀ kéré ju omi lọ. Nígbà tí ti ọdún 2011 dé, tí ó tún pa ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, àwọn ohun kan náà ni a tún gbọ́. Ní ọdún 2014 ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tí ó tó mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé ní Ìbàdàn.

Níbí ni a ti kọ́kọ́ bá fọ́tò ẹ̀yìn omíyalé wíjọ́. Àbájáde ni ó ń fi hàn, kì í fi okùnfà hàn. Ẹ wo èyí tí àwa gé láti inú ìwé ìròyìn: afárá ti já, a rí i. Ta ni ó ṣe ẹnu afárá náà ní tóóró? Ta ni ó fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ní bèbè odò? Àwọn yẹn kò sí nínú fọ́tò, wọn kì í sì í sí níbẹ̀. Àwọn tí omi bá nílé nìkan ni ó ń wọ inú àwòrán, bí ìgbà tí a bá kó ẹlẹ́rìí wá sílé ẹjọ́ tí a sì fi olùjẹ́jọ́ sílé. Nítorí náà bí ọmọ ilé-ìwé bá wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tí ó sì kọ ọ́ pé ‘Ọlọ́run ni ó mú un wá’, kí a má bá a wí jù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fọ́tò náà sọ fún un.

Yà kejì tún wà nínú èdè wa, èyí tí a ń lò nígbà tí a bá ń ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí ìró wọn pé ọgbọọgba ni wọ́n, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀ bí omi ṣe yà sílé láìkan ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ṣe máa ń yà sí i lẹ́yìn omi. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó bá dé ibi tí aburú ti ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ kí àwọn tí ó bá níbẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ kú ewu. Ẹ kú àdánù. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá kí wọn, awòran ni, ì báà gbé kámẹ́rà olówó iyebíye kọ́rùn.

A fẹ́ mú fọ́tò mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀ wá síbí. Ọmọ Yorùbá ni ó ya àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 26, oṣù kejìlá, ọdún 2006, ọ̀pá epo bú gbàmù ní Abúlé-Ẹ̀gbá ní Èkó, iná sì jó ènìyàn tí ó lé ní igba pa. Àjálù àfọwọ́fà ni, kì í ṣe ti òjò tàbí ti ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n ó wúlò fún ọ̀rọ̀ wa. Akintunde Akinleye, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Reuters nígbà náà, ya ọkùnrin kan tí ó ń fi omi ṣan èéfín dúdú kúrò lójú ara rẹ̀. Fọ́tò yìí ni ó gba ẹ̀bùn World Press Photo fún un ní ọdún 2007, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀. Òkú pọ̀ níbi tí ayàwòrán yìí dúró sí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n kò fi òkú kún ojú àwòrán yìí. Ó mú ẹni tí ó ń wẹ ojú rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà ni Yorùbá wí. Ojú ọkùnrin yìí ti fẹ́ kúrò lójú ènìyàn nítorí èédú, a sì bá a níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà. Lójú tiwa, èyí ni ó fi ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò iná lọ. Akọ ìtutù ni, èyí tí kò dá lórí pé ara rọ ẹni.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ kí a sá fún un. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1985, òkè ayọnáyèéfín Nevado del Ruiz bú ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ẹrẹ̀ gbígbóná sì ya bo ìlú Armero. Ó ju ẹgbàáwàá ènìyàn lọ tí ó kú. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 13 kan, Omayra Sánchez, há sínú omi àti àlàpà ilé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó yọ síta. Frank Fournier ya á ní kété kí ó tó kú. Ọmọ náà kọjú sí kámẹ́rà. Fọ́tò yìí gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ nínú ìdíje World Press Photo, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bínú sí ayàwòrán náà pé kí ló dé tí kò yọ ọmọ náà. Ó dá wọn lóhùn pé kò sí bí òun ṣe lè yọ ọ́, nítorí irinṣẹ́ tí a lè fi fa omi kúrò kò sí níbẹ̀.

Kí ni Yorùbá yóò wí? Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọ. A kì í ṣe é ní àṣehàn, a máa ń sin ín kíákíá ni, a kì í sì í fi ojú oórì rẹ̀ han àwọn òbí rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé èyí ní kíkún, kò yẹ kí fọ́tò náà wà rárá, nítorí ibi tí òbí kò gbọdọ̀ wò ni ó gbé kalẹ̀ fún gbogbo ayé. A ti rò ó títí. Ibi tí a forí tì sí ni pé ìdí àṣà yẹn ni láti dáàbò bo àwọn òbí, kì í ṣe láti dáàbò bo ìjọba tí kò gbé irinṣẹ́ wá. Ohun tí fọ́tò náà fi sùn ni pé ayé rí ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rọ kan kò sì dé. Ohun kan tún wà. Gbogbo ẹni tí ó mọ fọ́tò yìí ni ó mọ Omayra ní orúkọ. Ẹsẹ̀ méjì abẹ́ ẹní tí àwa fi sínú ìdánwò kò ní orúkọ, kò ní ojú, a sì ní kí àwọn ọmọ wa fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ó bá ọ̀rọ̀ tiwa mu jù. Gideon Mendel, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn tí omíyalé bá ní oríṣiríṣi ilẹ̀ láti ọdún 2007. Drowning World ni ó sọ àkójọ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2012, nígbà tí omi bo ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, tí àjọ NEMA ka òkú 363 àti mílíọ̀nù méjì ènìyàn ó lé díẹ̀ tí wọ́n sá kúrò nílé, Mendel lọ sí Ìpínlẹ̀ Bayelsa ní oṣù kọkànlá. Kì í ya ẹni tí ó ń sá tàbí ẹni tí ó ń ké. Ó máa ń bá onílé lọ sínú ilé rẹ̀ tí omi ti gbà, onílé yóò dúró sínú omi tí ó mu ún dé itan tàbí àyà, yóò sì kọjú sí kámẹ́rà. Sábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ẹni náà yóò wà, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò àti oṣù.

Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé Yorùbá kò ní í pẹ́ mọ ohun tí ó ń wò. Fọ́tò ara ògiri ni! Ìdúró gbọnrangandan, ojú tí ó tutù, orúkọ tí a kọ sábẹ́ rẹ̀. Omi tí ó dúró jẹ́ẹ́ sì ń dán bíi dígí nísàlẹ̀. Gbogbo òṣùwọ̀n tí àjálù kó lọ ni ó dá padà, láìjẹ́ pé ó fi omi pamọ́. A gbọ́ pé kámẹ́rà Rolleiflex àtijọ́ ni ó ń lò, irú èyí tí ó jẹ́ pé láti òkè ni a ti ń wo inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lò ó kò lè ṣàì tẹ orí ba níwájú ẹni tí ó ń yà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ẹ̀rọ náà ni ó fà á, a mọ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Omi ìdọ̀tí ni omi náà, ejò àti kòkòrò sì wà nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn náà sì dúró sínú rẹ̀ kí fọ́tò lè dára. Ẹwà rẹ̀ tún lè mú kí ẹni tí ó ń wò ó ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ ní Yúróòpù gbàgbé láti bi ara rẹ̀ léèrè bí omi náà ṣe dé ibẹ̀. Orúkọ sì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò sí, oríkì kò sí. A kò mọ̀ bóyá apẹja ni tàbí tíṣà. Síbẹ̀, bí a bá ní kí a yan ọ̀kan nínú gbogbo fọ́tò omíyalé tí a ti rí láti fi han ọmọ kíláàsì, àwọn ti Mendel ni a ó kọ́kọ́ mú.

Nípa iṣẹ́ àti oríkì tí a mẹ́nu bà yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí Àyétòrò ní etíkun Ìlàjẹ, tí kò jìnnà púpọ̀ sí agbègbè Ogun Waterside. Ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń náwó, wọ́n ní iná mànàmáná kí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá tó ní in, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi. Láti ọdún púpọ̀ wá ni òkun ti ń jẹ ìlú náà. Fọ́tò tí ó ń jáde nípa rẹ̀ báyìí kò ju àlàpà lórí iyanrìn lọ. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọdún 2000 tí ó bá wò ó yóò rò pé abúlé kan tí kò ní láárí ni omi gbé. Òpìtàn àti akéwì nìkan ni ó lè dá ìlú náà padà sínú àwòrán yẹn, iṣẹ́ wa sì ni láti rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá wọn.

Ní ìparí ọdún 2012 yẹn, a lọ kí ìyá àgbà ọmọbìnrin náà ní Òjòwò. A mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Òjòwò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú márùn-ún tí ó para pọ̀ di Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sì sí agbo ilé níbẹ̀ tí kò ní ẹni ní Ìbàdàn, nítorí láti ayébáyé ni Ìjẹ̀bú ti ń ṣòwò níbẹ̀ tí wọ́n sì kún Òkè-Àdó. A kí màmá kú àdánù, wọ́n dá wa lóhùn, wọ́n ní kí a jókòó. Fọ́tò kan wà lórí tábìlì, nínú férémù tuntun. Ìkómọjáde ni wọ́n yà á sí, ènìyàn méje ni ó wà nínú rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde ní Ìbàdàn. Omi ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, àwọ̀ ti ṣàn mọ́ra wọn, ojú ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì sì ti di funfun báláú. A bi wọ́n léèrè bóyá wọn kò fẹ́ kí onífọ́tò bá wọn tún un ṣe, nítorí àwọn onífọ́tò ayé ìsinsìnyí mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é. Màmá ní rárá o, pé bí omi ṣe bá a nìyẹn. Wọ́n wá fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe orúkọ, wọ́n sì ń fi oríkì díẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n dé ibi funfun yẹn, wọn kò fò ó. Wọ́n pe orúkọ ẹni náà, wọ́n ní ata ni ó ń tà, wọ́n ní ẹlẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì bọ́ sórí ẹni tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ-ọmọ wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́.

Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ẹjọ́ tí a bá Lawal rò kò jìnnà sí ohun tí ó sọ. Fọ́tò yẹn kò lè dá rántí ẹnikẹ́ni. Etí ni ó ku kí a fi kún un, màmá sì ń fi kún un níṣojú wa.

Láti ọdún náà ni a ti yí ọwọ́ ìbéèrè wa padà. A kì í fi fọ́tò òkú sínú ìdánwò mọ́, ì báà jẹ́ pé wọ́n fi ẹní bò ó, a sì rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń ṣètò ìbéèrè fún àwọn àjọ ìdánwò láti ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá lo fọ́tò àjálù rárá, a máa ń kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún tí wọ́n yà á àti ẹni tí ó yà á. Dípò ‘Ṣe àpèjúwe ohun tí o rí’, ìbéèrè wa ni: ‘Bí o bá bá ẹni yìí pàdé lónìí, báwo ni o ó ṣe kí i, kí sì ni o ó bi í léèrè?’ Ó ya wá lẹ́nu bí ìdáhùn ṣe yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Èdè àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀ṣọ́ mọ́, a sì máa ń gbọ́ ẹjọ́ olùdánwò kejì lórí èyí, pé ìdáhùn náà kúrú jù àti pé kò sí àfiwé nínú rẹ̀. A máa ń sọ fún wọn pé ìkíni kì í gùn.

Ní ti òdo tí a fún ọmọbìnrin náà, èsì ti wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó mọ̀, kò sì sí àyè láti pa á rẹ́. A sọ fún un pé a ṣì í máàkì. Ó ní kò burú, sà, pé ìbéèrè kẹrin ni òun fi rọ́pò rẹ̀.